Ojú, Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ àti Pàṣán: Ìjà Òbí àti Ọmọ Lórí Géèmù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odidi. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ wa. A máa ń pa á níbi ìpàdé, pàápàá nígbà tí a bá ń rán àwọn tí kò tíì san owó ẹgbẹ́ létí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ lónìí tí àbọ̀ ọ̀rọ̀ kò yanjú mọ́, tí odidi pàápàá kò sì fẹ́ yanjú. Ọ̀rọ̀ náà ni ti àwọn ọmọ tí ń ṣe géèmù lórí fóònù, àti ti àwọn òbí tí ń fi pàṣán lé wọn kúrò nídìí rẹ̀.

Níbikíbi tí àwọn òbí Yorùbá bá ti péjọ níhìn-ín ní òkè Ọya, ìbáà ṣe ìpàdé ìdílé, ìbáà ṣe lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú tàbí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ọ̀rọ̀ yìí kì í pẹ́ jáde. Ẹnìkan yóò ní Bíbélì ni ó pàṣẹ pàṣán. Ẹnìkejì yóò ní ẹ̀sìn Ìsìláàmù náà kò kọ ìbáwí. Ẹnìkẹta yóò ní wọ́n na òun náà ní kékeré, òun kò sì kú. Ẹnìkẹrin, tí ó sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré jù níbẹ̀, yóò ní òfin kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ariwo yóò sọ. Nígbà tí wọn yóò bá fi jiyàn tán, ọmọ tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ jiyàn yóò ti gbé fóònù wọ balùwẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Púpọ̀ nínú wa ni ẹ̀gbọ́n nílé. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀, àwa ni Màmá ń pè lórí fóònù pé kí a wá bá àbúrò wa sọ̀rọ̀, àwa náà sì ni àbúrò ń kọ̀wé sí lóru pé kí a bá òun bẹ Dádì. A wà láàárín. Ẹni tí ó bá wà láàárín kò gbọdọ̀ jẹ́ aláìmọ̀kan. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣe àlàyé ohun mẹ́rin nínú àròkọ yìí: irú eré tí géèmù yìí jẹ́, ohun tí ẹ̀sìn wí, ohun tí òfin wí, àti ohun tí àwa Yorùbá ń ṣe kí pàṣán tó jáde. Èrò tiwa ni pé ìdí ẹ̀kẹrin yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ́.

IRÚ ERÉ WO NI?

Àwọn baba wa kò kórìíra eré. Ayò ọlọ́pọ́n wà, àrìn wà, bojúbojú wà, àlọ́ sì wà. Ṣùgbọ́n eré kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀. A kì í pa àlọ́ ní ọ̀sán gangan. Eré òṣùpá kì í ṣe eré àárọ̀. Ayò ní ojú méjìlá àti ọmọ méjìdínláàádọ́ta, bí ọmọ ayò bá sì ti tán lójú ọpọ́n, eré parí nìyẹn. Bí bàbá bá pe ọmọ nídìí ayò, yóò kàn sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé, “Dúró dè mí, mò ń bọ̀.” Ọpọ́n kì í sá lọ.

Géèmù tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n nígbà tí àwọn òbí wa wà lọ́dọ̀ọ́ fi èyí jọ ayò. Bọ́tìnnì kan wà tí ènìyàn lè tẹ̀, gbogbo nǹkan á sì dúró títí yóò fi ti ibi tí wọ́n rán an dé. Irú géèmù bẹ́ẹ̀ ni ó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ òbí títí di òní.

Ti íntánẹ́ẹ̀tì yàtọ̀. Ẹ wo Free Fire, tí ó jáde ní 2017, tí ọ̀pọ̀ ọmọ fẹ́ràn nítorí pé fóònù olówó pọ́ọ́kú lè gbé e. Àádọ́ta ènìyàn ni ó lè wà nínú eré kan, eré náà sì máa ń gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. PUBG Mobile, tí ó jáde ní 2018, lè gba ọgọ́rùn-ún ènìyàn, eré kan sì lè tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ènìyàn gidi ni wọ́n: ọ̀kan lè wà ní Èkó, ọ̀kan ní Cairo, ọ̀kan ní ilé kejì. Kò sí bọ́tìnnì tí ó lè dá ọgọ́rùn-ún ènìyàn dúró nítorí pé ìyá ẹnìkan fẹ́ rán an ní iyọ̀. Bí ọmọ bá ju fóònù sílẹ̀, ọmọ ogun tí ó ń darí yóò dúró sójú kan bí ère, wọn yóò yìnbọn pa á, àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ yóò sì fara gbá níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ eré tí wọ́n ń fi ń gba ipò, ipò rẹ̀ lè wálẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí bàbá bá ní, “Gbé e sílẹ̀ kíákíá!” tí ọmọ sì dáhùn pé, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, kò ṣeé dá dúró,” òótọ́ ni ọmọ ń sọ. Bàbá náà kò sì jẹ̀bi bí ó bá gbọ́ ọ bí àfojúdi, nítorí pé nínú gbogbo eré tí òun mọ̀, kò sí èyí tí kò ṣeé dá dúró.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbè sẹ́yìn ọmọ nìkan. Àwọn tí ó ṣe géèmù yìí kò ṣe é kí ó tètè tán bí ayò. Wọ́n ní ẹ̀bùn fún ẹni tí ó bá wọlé lójoojúmọ́, kí ọmọ má baà lè fo ọjọ́ kan. Wọ́n ní aṣọ àti ìbọn tí ó wà fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré, kí ọmọ lè máa kánjú. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ń fúnni ní géèmù náà, ọjà inú rẹ̀ ni wọ́n ń tà. Nínú ọjà náà ni àwọn àpótí kan wà tí ènìyàn yóò sanwó fún kí ó tó mọ ohun tí ó wà nínú wọn. Ní 2018, àwọn tí ń mójú tó tẹ́tẹ́ ní ilẹ̀ Belgium wí pé tẹ́tẹ́ ni irú àpótí bẹ́ẹ̀ nínú àwọn géèmù kan, wọ́n sì ní kí wọ́n yọ wọ́n kúrò. Ní oṣù Kejìlá 2022, ìjọba Amẹ́ríkà mú ilé iṣẹ́ Epic Games, tí ó ni Fortnite, láti san mílíọ̀nù 520 dọ́là. Mílíọ̀nù 275 nínú rẹ̀ jẹ́ ìtanràn nítorí bí wọ́n ṣe gba ìròyìn nípa àwọn ọmọdé láìgba àṣẹ òbí. Mílíọ̀nù 245 yòókù wà fún dídá owó padà fún àwọn tí wọ́n fi ọgbọ́n mú ra ohun tí wọn kò ní lọ́kàn láti rà. Ẹ ò rí i pé ọmọ ọdún méjìlá kò dá jà níbi tí ó jókòó sí yẹn. Àwọn àgbà tí wọ́n kàwé, tí wọ́n ń gba owó oṣù, ni wọ́n ń ronú bí ojú rẹ̀ kò ṣe ní í kúrò níbẹ̀.

NÍGBÀ TÍ Ó BÁ DI ÀÌSÀN

Ní oṣù Karùn-ún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ìwé tuntun tí wọ́n kọ orúkọ àwọn àìsàn sí, ìwé náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2022. Àìsàn géèmù wà nínú rẹ̀. Àmì mẹ́ta ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Èkíní, ẹni náà kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu mọ́ nídìí géèmù. Èkejì, géèmù ti borí oúnjẹ, oorun, ẹ̀kọ́ àti ọ̀rẹ́. Ẹ̀kẹta, ó ń bá a lọ bí ó tilẹ̀ rí i pé ó ń ba ayé òun jẹ́. Bí èyí bá sì rí bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí oṣù méjìlá ni àwọn dókítà sábà máa ń tó pè é ní àìsàn. Àjọ náà wí pé ìba díẹ̀ ni irú àwọn bẹ́ẹ̀ nínú àwọn tí ń ṣe géèmù. Ọmọ tí ó ṣe géèmù ju bí ó ti yẹ lọ ní àsìkò ìsinmi kò tíì di aláìsàn. Ọmọ tí kò jẹun, tí kò sùn, tí ó ti fi ilé ìwé sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá, kì í ṣe aláìgbọràn lásán. Dókítà ni ó nílò rẹ̀.

Àwọn ìjọba kan ti gbìyànjú láti fi òfin mú ọ̀rọ̀ náà. Ní 2011, ilẹ̀ South Korea ṣe òfin pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kò gbọdọ̀ ṣe géèmù íntánẹ́ẹ̀tì láti agogo méjìlá òru títí di agogo mẹ́fà àárọ̀. Nígbà tí ó di ìbẹ̀rẹ̀ 2022, wọ́n fagi lé e, wọ́n dá ọ̀rọ̀ náà padà sí ọwọ́ òbí àti ọmọ. Ilẹ̀ China ní tirẹ̀ ṣòfin ní 2021 pé wákàtí kan péré, láti agogo mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án alẹ́, ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lè fi ṣe géèmù, ní ọjọ́ Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba nìkan.

Ilẹ̀ China yìí kan náà ni ohun tí ó yẹ kí ó ba gbogbo òbí lẹ́rù ti ṣẹlẹ̀. Àwọn òbí kan ń kó ọmọ wọn lọ sí àgọ́ tí wọ́n ní àwọn yóò ti wo àìsàn íntánẹ́ẹ̀tì sàn fún wọn. Ní ibì kan, iná mànàmáná ni wọ́n ń fi sí àwọn ọmọ lára, títí ìjọba fi dá a dúró ní oṣù Keje 2009. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan kú ní irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ ní agbègbè Guangxi láàárín ọjọ́ kan tí àwọn òbí rẹ̀ mú un débẹ̀. Wọ́n lù ú pa ni. Àwọn òbí yẹn kò kórìíra ọmọ wọn. Owó ni wọ́n san kí wọ́n lè bá wọn tún un ṣe.

OHUN TÍ Ẹ̀SÌN WÍ

Ẹ̀sìn ni ọ̀pọ̀ àwọn òbí máa ń fi ti ẹgba lẹ́yìn. Ó yẹ kí a mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ dáadáa, nítorí pé ìdajì ni à ń gbọ́ lọ́pọ̀ ìgbà.

Òótọ́ ni pé ìwé Òwe nínú Bíbélì sọ̀rọ̀ pàṣán ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, pé òbí tí ó bá fẹ́ràn ọmọ kì í fi ìbáwí dù ú. Àwọn pásítọ̀ kan gbà á bí a ti kọ ọ́. Àwọn mìíràn wí pé ọ̀pá olùṣọ́ àgùntàn ni, pé ó wà fún títọ́ sọ́nà ju fún lílù lọ. Àwa tí a dàgbà sí ibi tí àwọn Fúlàní darandaran ń gbà kọjá mọ̀ pé ọ̀pá kan náà ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Wọ́n a fi na màlúù, wọ́n a sì fi darí rẹ̀. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pẹ̀lú pé darandaran tí ó ń na màlúù rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ kò ní í ní agbo láìpẹ́. Pọ́ọ̀lù pẹ̀lú, nínú lẹ́tà rẹ̀ sí àwọn ará Éfésù àti àwọn ará Kólósè, kìlọ̀ fún àwọn bàbá kí wọ́n má ṣe mú ọmọ wọn bínú, kí ọkàn wọn má baà rẹ̀wẹ̀sì. Ìdajì yìí ni a kì í sábà gbọ́ lẹ́yìn tí pàṣán bá ti wà lọ́wọ́.

Ní ti Ìsìláàmù, hádíìsì kan wà tí ó ní kí a pàṣẹ ìrun fún ọmọ nígbà tí ó bá pé ọdún méje, kí a sì bá a wí lórí rẹ̀ bí ó bá pé mẹ́wàá. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọdún mẹ́ta gbáko ni ó wà láàárín àṣẹ àti ìyà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọn yóò máa sọ ní gbogbo ọdún mẹ́ta yẹn. Àwọn onímọ̀ sì fi ààlà sí i: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ na ojú, kò gbọdọ̀ dá ọgbẹ́ sí ara, kò gbọdọ̀ na ọmọ nínú ìbínú. Hádíìsì mìíràn tún wà láti ẹnu Anas ọmọ Malik, tí ó fi ọdún mẹ́wàá sin Ànábì Muhammad láti kékeré, pé ní gbogbo ọdún náà, Ànábì kò fi ìgbà kan pòṣé sí òun.

Ibi tí ẹ̀sìn méjèèjì ti ní ọ̀rọ̀ tí ó ṣe tààrà nípa géèmù ni ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́. Àl-Kùránì ka tẹ́tẹ́ léèwọ̀, ọ̀pọ̀ ìjọ Kírísítẹ́nì náà kò sì fẹ́ ẹ. Síbẹ̀, a máa ń rí òbí tí yóò na ọmọ nítorí pé àwòrán géèmù náà jọ ti èṣù, tí kò sì ní í béèrè nípa àpótí tí ọmọ ń fi owó rà láìmọ ohun inú rẹ̀.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Ní Nàìjíríà, ohùn òfin kò ṣọ̀kan. Penal Code tí ilẹ̀ Àríwá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1960 gba òbí láàyè láti fi ìyà tọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 sọ́nà, bí kò bá ti ṣe é léṣe gidi. Criminal Code ti apá Gúúsù náà ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 wí pé iyì ọmọ gbọ́dọ̀ wà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ṣe é léṣe ní ara, ní ọpọlọ tàbí ní ọkàn. Ẹni tí ó bá ní òfin wà lẹ́yìn òun, ẹ bi í pé òfin èwo.

Àwọn ibòmíràn ti yan ọ̀nà kan. Ilẹ̀ Sweden ni ó kọ́kọ́ ka lílu ọmọ léèwọ̀ pátápátá, ní 1979. Kì í ṣe òyìnbó nìkan: Togo ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2007, Benin sì ṣe é ní 2015. Èyí túmọ̀ sí pé àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ lábẹ́ ìjọba Benin ń gbé lábẹ́ òfin tí kò gba pàṣán rárá, nígbà tí àwọn ìbátan wọn tí ó wà ní òdìkejì ẹnubodè kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àǹtí wa tí ó wà ní Scotland bọ́ sábẹ́ òfin bẹ́ẹ̀ ní 2020, àwọn ti Wales ní 2022.

Ǹjẹ́ ẹgba tilẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí a bẹ̀ ẹ́? Ní 2016, Elizabeth Gershoff ti Yunifásítì Texas àti Andrew Grogan-Kaylor ti Yunifásítì Michigan kó ìwádìí 75 jọ, tí iye ọmọ tí ó wà nínú wọn lé ní 160,000. Wọ́n rí i pé bí wọ́n bá ṣe ń na ọmọ tó ni ìjàgídíjàgan rẹ̀ àti àìgbọràn rẹ̀ ń pọ̀ tó, kì í ṣe pé ó ń dín kù. Ẹnìkan lè sọ pé ọmọ tí ó le ni wọ́n ń nà jù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹgba bá ń wo àìgbọràn sàn ni, ó yẹ kí a rí ìwòsàn náà nínú ọmọ tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

ÀKÀBÀ TÍ ÌTẸ̀LẸ̀ RẸ̀ TI GÉ

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sílé. A kì yóò purọ́ pé kò sí pàṣán nílé Yorùbá. Ó wà, òrùlé ni wọ́n sì ń fi há. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde. Títọ́ ọmọ lọ́dọ̀ wa dà bí àkàbà tí ó ní ìtẹ̀lẹ̀ márùn-ún.

Ojú ni ìtẹ̀lẹ̀ kìíní. Bí àlejò bá wà nílé, tí ọmọ sì na ọwọ́ sí ẹran inú abọ́ àlejò, ìyá kò ní í sọ nǹkan kan. Yóò kàn wò ó. Ọmọ tí ó mọ ojú yóò kó ọwọ́ rẹ̀. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni ìkejì: òwe, àpèjúwe, tàbí kí ìyá kàn pe oríkì ọmọ ní ohùn kan báyìí. Odidi ọ̀rọ̀ ni ìkẹta, ìkìlọ̀ àti àlàyé. Ìkẹrin ni alárinà: ìyá àgbà, àbúrò bàbá, tàbí ará ilé, tí yóò pe ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyà ni ìkarùn-ún. Bí pàṣán bá tilẹ̀ wá jáde, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí yóò wí pé, “Ó tó, ẹ fi jì í nítorí tèmi.” Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra.

Ẹ wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àkàbà yìí. Ojú kò ṣiṣẹ́ mọ́, nítorí pé ojú ọmọ wà nínú fóònù. Ìyá lè wò ó títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Odidi ọ̀rọ̀ kò wọlé, nítorí pé nǹkan wà nínú etí rẹ̀. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ńkọ́? Ó yẹ kí àwa tí wọ́n bí sí Kánò, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì àti Mínà sọ òtítọ́ níbí yìí. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá níhìn-ín kò mọ òwe tí yóò fi di odidi nínú wọn. Màmá á pè ní Yorùbá, ọmọ á dáhùn ní Hausa pé, “Ina zuwa,” tàbí kí ó dáhùn ní gẹ̀ẹ́sì. Alárinà ńkọ́? Ìyá àgbà wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, àbúrò bàbá wà ní Ọ̀ffà, ará ilé kejì kò sì gbọ́ èdè wa.

Ìtẹ̀lẹ̀ mẹ́rin ti gé. Ìkarùn-ún ni ó kù. Èrò tiwa nìyí: kì í ṣe pé àwọn òbí wa le ju àwọn baba wọn lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àbúrò wa kò burú ju àwa lọ. Pàṣán ń yára jáde nítorí pé ohun tí ó máa ń ṣíwájú rẹ̀ kò sí nílé mọ́. Ẹni tí ó ń pè é ní àṣà Yorùbá ti gbàgbé mẹ́rin nínú márùn-ún.

Ìpalára kan tún wà tí ó kan ẹgbẹ́ wa ní pàtàkì. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa níhìn-ín, gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń bá ọmọ ṣeré, òun ni wọ́n fi ń kọ́ ọ ní iṣẹ́ ilé ìwé, Yorùbá sì ni wọ́n fi ń bá a wí. “Gbé e sílẹ̀!” “Ṣé o yadi ni?” “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ n bínú sí ọ o!” Ọmọ tí ó bá dàgbà báyìí yóò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ní ibi tí ẹ̀rù wà nìkan ni yóò ti gbọ́ ọ. Nígbà tí ó bá dé ilé ẹ̀kọ́ gíga, tí a ní kí ó wá dara pọ̀ mọ́ Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà wá lẹ́nu bí ó bá rìn gba ọ̀nà mìíràn.

KÍ NI ṢÍṢE?

Èkíní, kí òbí ka iye eré dípò ìṣẹ́jú. “Eré méjì, lẹ́yìn náà oúnjẹ” jẹ́ àṣẹ tí ọmọ lè pa mọ́ láìda ẹnikẹ́ni. “Gbé e sílẹ̀ kíákíá” kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ tó wọ inú eré ni kí wọ́n ti sọ ọ́.

Èkejì, kí a fún géèmù ní àkókò gẹ́gẹ́ bí a ti fún àlọ́. Kí fóònù gbogbo ilé máa sùn ní yàrá òbí lóru. Fóònù bàbá náà kò gbọdọ̀ wà lójú bàbá nídìí oúnjẹ, nítorí pé ojú kì í bá ojú pàdé bí ọ̀kan bá wà nínú fóònù.

Ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi káàdì báńkì sílẹ̀ nínú fóònù tí ọmọdé ń lò.

Ẹ̀kẹrin, kí a mọ ẹni tí ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ nínú géèmù. Àjèjì lè wà níbẹ̀ tí ń tọrọ àwòrán tàbí owó. Ibí yìí ni ẹgba ti léwu jù, nítorí pé ọmọ tí ó mọ̀ pé wọn yóò na òun bí òun bá dárúkọ géèmù kò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà tí àjèjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í halẹ̀ mọ́ ọn. Dákẹ́dákẹ́ rẹ̀ ni àjèjì náà nílò.

Ìkarùn-ún ni tiwa. Bí ìtẹ̀lẹ̀ kẹrin bá ti gé nítorí pé ìyá àgbà jìnnà, ẹ̀gbọ́n wà nílé ní àsìkò ìsinmi. Àwa ni alárinà. Kí a jókòó ti àbúrò wa, kí a gba fóònù kejì, kí a wọ inú eré kan pẹ̀lú rẹ̀, kí a sì fi Yorùbá ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. “Wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ o!” “Sá pamọ́ sábẹ́ igi!” “Mo ti kú, jí mi dìde!” Bí eré náà bá parí, kí a sọ fún un pé ó tó, kí a sì wo ojú rẹ̀ bí a ti ń sọ ọ́. Lẹ́yìn náà kí a lọ bá Bàbá ní pálọ̀, kí a kúnlẹ̀ tàbí kí a dọ̀bálẹ̀, kí a sì ṣàlàyé fún wọn ìdí tí géèmù náà kò fi ṣeé dá dúró láàárín. Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé tí ó gbọ́ èdè àwọn méjèèjì.

Ìsinmi ti ń bọ̀. Ẹ kí wọn nílé fún wa o.